Ohun Tí Mi Ò Gbọ́ Lábẹ́ Igi Furúùtù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Etí mi ni mo ń rò. Etí ọ̀tún ti kú sí Ìkẹjà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín, tòsì tó kù náà, ohun tó bá wù ú ló ń gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbé àga yín wá síwájú, ẹ jọ̀ọ́. Folúkẹ́, ìwọ dúró síbi fèrèsé tó o wà yẹn. Mo fẹ́ máa rí ojú ẹ.

Túnjí, ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yín, ló ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí Kristẹni ṣe ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run, àti bí èèyàn ṣe lè gbé ayé yìí bí ẹni tó mọ̀ pé ilé wà níwájú. Ó ní èmi ló yẹ kó sọ ọ́, torí gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé èmi máa ń gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ó rò pé inú mi dùn ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín: tí mo bá parí ọ̀rọ̀ òní, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yàrá yìí má kí mi mọ́ títí màá fi kú. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ náà. Mi ò lágbára eré mọ́.

Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni mo ti ṣiṣẹ́, ní Ìkẹjà. Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń gba títì yẹn kọjá lónìí, ibi tí wọ́n ń kó ọjà sí lẹ máa rí, àti gbọ̀ngàn àríyá, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí jẹnẹrétọ̀ wọn tóbi ju ilé mi lọ. Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, ilé-iṣẹ́ ló kún ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan ń ṣe bisikíìtì, àwọn kan ń ṣe bátìrì, àwọn kan ń ṣe ìkòkò onírin. Tó o bá ti ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, òórùn ló máa sọ ibi tó o dé fún ẹ.

Àmọ́ àwa tí à ń gbé Agége, ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Ojú irin reluwé la máa ń gbà. Láàárọ̀ kùtù, wàá rí èrò tó tò lọ gbọọrọ lórí irin, gbogbo wa nínú kákí, kálukú pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ ẹ̀ lọ́wọ́, à ń fo pákó ojú irin kọ̀ọ̀kan. Òórùn búrẹ́dì tó ń jáde láti àwọn ilé búrẹ́dì Agége á máa tẹ̀ lé wa bọ̀ lẹ́yìn. Háà, búrẹ́dì ìgbà yẹn! Tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dìde padà. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti búrẹ́dì, ó ṣì ń bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì máa dùn mí nígbà tó bá dé.

Fèrè mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ wa máa ń fọn láàárọ̀. Èkíní, kó o jí. Èkejì, kó o ti wà nínú ọgbà. Ẹ̀kẹta, kó o ti dúró ti ẹ̀rọ ẹ. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé lọ́jọ́ tí fèrè ìkẹyìn bá dún látọ̀run, àwa ahunṣọ nìkan la ò ní pẹ́ dé, pé àwọn ará GRA á ṣì máa wá bàtà. Sámúẹ́lì ló kọ́kọ́ dá àwàdà yẹn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara ẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Sámúẹ́lì yìí ni bàbá Folúkẹ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eyín iwájú ẹ̀ kan ti kán. Èmi àtiẹ̀ la jọ wà nídìí ẹ̀rọ fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀rọ mẹ́rin mẹ́rin lahunṣọ kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́, tèmi kọjú sí tiẹ̀, ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín wa.

Ẹ̀yin ò mọ ariwo, ẹ jàre. Ẹ rò pé kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá níta yìí ni ariwo. Ní gbọ̀ngàn ìhunṣọ, ẹgbẹ̀rún òòlù ló ń lu pákó lẹ́ẹ̀kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. O lè pariwo sétí ẹnì kejì ẹ kó má gbọ́ ẹ. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Tí òwú bá já, a ó fi ìka méjì gé afẹ́fẹ́. Tí ọ̀gá bá ń bọ̀, a ó fọwọ́ ra irunmú, torí ọ̀gá wa nírunmú bíi bọ́rọ́ọ̀ṣì. Tó o bá fẹ́ lọ mumi tàbí lọ tọ̀, wàá nawọ́ sáwọn ẹ̀rọ ẹ, wàá wá fọwọ́ kan ojú ẹ. Ìyẹn ni pé, bá mi wò ó. Ẹnì kejì ẹ á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, á wá fọwọ́ yẹn ṣe báyìí láti òkèèrè, bí ẹni ń lé ọmọdé lọ síléèwé. Ẹ wo ọwọ́ mi dáadáa. Báyìí. Ìyẹn ni pé, máa lọ, mò ń bá ẹ wò ó. Ẹ rántí èyí, màá padà sí i.

Torí pé èmi ni wọ́n fi ṣe Alàgbà ẹgbẹ́ àdúrà ilé-iṣẹ́, èmi ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ jù. Àwọn èèyàn á ránṣẹ́ pè mí pé ọmọ ẹnì kan ń ṣàìsàn, pé kí n wá gbàdúrà. Sámúẹ́lì á gbé ọwọ́ láyà, á tì mí lọ, á wá máa ṣọ́ ẹ̀rọ mẹ́jọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ mẹ́jọ, kí òwú má já lórí ọ̀kankan! Tí mo bá dé, òógùn á ti bo gbogbo ara ẹ̀, á tún máa rẹ́rìn-ín. Ìdajì àdúrà tí wọ́n ń torí ẹ̀ yìn mí níbẹ̀, Sámúẹ́lì ló fi ẹsẹ̀ ẹ̀ gbà á.

Abẹ́ igi furúùtù kan nítòsí géètì la ti ń ṣe ìpàdé àdúrà, láàárín fèrè kejì àti ẹ̀kẹta. Kò sí àga, kò sí máìkì. A kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwa tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde la jọ máa ń dúró, òwú funfun á bo orí àwọn tó ń jáde bí arúgbó. Tọkàntọkàn la fi ń gbàdúrà yẹn, ẹ gbà mí gbọ́. Ọ̀run ò jìnnà sí wa nígbà yẹn. À ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìlú ẹ̀ tó ń lọ ní Kérésì. Sámúẹ́lì ò tiẹ̀ ń pè é lọ́run, ilé ló máa ń pè é. Tó bá hun aṣọ kan tán, tó gé e kúrò lórí ẹ̀rọ, á nawọ́ sókè ọ̀run, á wá na ìka kan sí mi: a ti sún mọ́ ilé díẹ̀ sí i. Àga méjì péré ló wà ní yàrá ẹ̀ ní Agége. Ìyàwó ẹ̀ ní kó ra sí i, ó ní, “Ìyá Folúkẹ́, ta ló ń kó àga jọ sí ibùdókọ̀?” Obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ó bínú díẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń ṣe ìkórè lábẹ́ igi yẹn. Àwọn Mùsùlùmí inú wa á bá wa gbé iṣu, bí àwa náà ṣe máa ń jẹ ẹran Iléyá wọn tí wọ́n bá rà á wá láti ọjà ẹran Oko Ọba. Ọdún kan, Làmídì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe gbé àgbébọ̀ adìyẹ wá fún ìkórè wa, adìyẹ já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sá wọ gbọ̀ngàn aró, ó bọ́ sínú àgbá. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ ọ́, ó ti di búlúù. Bó ṣe rìn jáde nìyẹn, tó ń gbọn ìyẹ́, tó ń wo gbogbo wa bí ẹni pé àwa la ṣẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pa á. Ó gbé nínú ọgbà yẹn títí ó fi darúgbó.

Ó dáa. Ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ mẹ́ta.

Àṣà wa ni. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá ní ìpinnu ńlá láti ṣe, bóyá ó fẹ́ gbéyàwó ni o, bóyá ó fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni o, á gbé e wá sábẹ́ igi. A ó yan èèyàn mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta yìí á gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò ní bára wọn sọ ọ́ láàárín ara wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, láàárín fèrè kejì àti ẹ̀kẹta, kálukú á sọ ohun tó gbọ́ níwájú gbogbo wa. Alàgbà ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ohun tí Alàgbà bá sọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ẹni tó béèrè á ní “Àmín”, á sì lọ ṣe é.

Ní tòótọ́, ìgbà mìíràn wà tí mo gbọ́ nǹkan. Mi ò ní sẹ́ ẹ. Nǹkan kan á bà lé mi lọ́kàn, á jókòó síbẹ̀, kò ní jẹ́ kí n gbé e kúrò. Ìgbà mìíràn sì wà tí mi ò gbọ́ kiní kan, tí mo kàn fi làákàyè sọ ọ́, tó bọ́ síbẹ̀. Wọ́n á yin Ọlọ́run. Èmi náà á yin Ọlọ́run. Díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yẹn, wá dé. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba, wọ́n kàn sọ ọ́ lórí rédíò ni, pé ká fún ìgbànú wa pinpin. Ìgbànú ti tán lára wa, à ń fi okùn so sòkòtò. Aró ò wọlé mọ́, irin ẹ̀rọ ò wọlé mọ́. Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ kan fi tún òmíràn ṣe. Òkìríkà kún gbogbo ọjà Agége, aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ ṣá wá níyì ju tiwa lọ lójú àwọn èèyàn. Ṣíìfù mẹ́ta di méjì, méjì di ọ̀kan. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kan ń dágbére lábẹ́ igi. Òmíràn gba Kọ̀tọ̀nú lọ, òmíràn padà sóko, òmíràn lọ ń gun ọ̀kadà. Àwa tá a máa ń kún dé ẹnu géètì tẹ́lẹ̀, òjìji igi yẹn wá pọ̀ jù fún wa.

Àsìkò yẹn ni Sámúẹ́lì bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Eruku òwú ni. Ó ti bá àyà ẹ̀ jẹ́, bó ṣe bá ti ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́. Dókítà kan sọ fún un pé kó kúrò nídìí ẹ̀rọ, kó lọ síbi tí atẹ́gùn ti dáa. Bí ẹni pé Ọlọ́run ló ṣètò ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ lẹ́tà sí i láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní kòkó ti ń tà dáadáa báyìí, pé oko bàbá wọn ń fẹ́ ẹni tó máa mójú tó o, kó kó ìyàwó àtọmọ ẹ̀ máa bọ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rọrùn tó! Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dáhùn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì kì í ṣe nǹkan láìbéèrè. Ó gbé lẹ́tà yẹn wá sábẹ́ igi. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ máa lọ, àmọ́ mi ò fẹ́ ṣáájú Ọlọ́run. Ẹ bá mi béèrè.” Wọ́n yan Mọ̀mí Dọ́kásì tó ń dáná ní káńtíìnì, wọ́n yan akọ̀wé kan ní ibi tí wọ́n ti ń di aṣọ, wọ́n sì yan èmi.

Lọ́jọ́ kìíní, mo gbààwẹ̀. Mo gbàdúrà dáadáa. Kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán pọ́n, ebi ń pa mí, mo yọ́ lọ sẹ́yìn káńtíìnì, mo fi búrẹ́dì Agége jẹ àkàrà mẹ́rin. Ibẹ̀ ni Làmídì ti ká mi mọ́.

Ó ní, “Alàgbà! Ṣebí ààwẹ̀ lẹ wà?”

Mo ní, “Làmídì, pa ẹnu ẹ mọ́, wá jẹ kan níbẹ̀.”

Ó jókòó tì mí, ó jẹ kan. Ó ní, “Kí lẹ ti wá gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ Sámù?”

Mo ní mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ó ní, “Alfa àdúgbò wa, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n ní ohun tí wọn ò mọ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Wọ́n á bá yín ṣàdúrà, ó parí. Ẹ̀yin kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Alàgbà tí ò bá gbọ́, kí ló fi ń jẹ́ Alàgbà?” Ohun tí ẹnu mi sọ nìyẹn o, pẹ̀lú òróró àkàrà létè mi. Làmídì kàn wò mí, ó nu ọwọ́, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, a dúró lábẹ́ igi. Mọ̀mí Dọ́kásì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí ìran, àmọ́ nígbàkígbà táwọn bá ronú pé Sámúẹ́lì ń lọ, ọkàn àwọn máa ń balẹ̀. Akọ̀wé yẹn ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, pé òun fara mọ́ ohun tí Alàgbà bá sọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀dọ́kùnrin kékeré yẹn dìde níwájú gbogbo ayé, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ilẹ̀ ò sì lanu gbé e mì.

Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. Sámúẹ́lì di fìlà ẹ̀ mú sáyà. Mo wò ó. Mo wo bí a ṣe kéré tó lábẹ́ igi. Mo ronú pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ni màá bá ní ọ̀ọ́kán, tàbí kí n má tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni. Ta ló máa bá mi wò ó? Màá sì sọ òótọ́ gbogbo ẹ̀ fún yín, mo jowú. Kò sí ẹ̀gbọ́n kankan tó kọ lẹ́tà sí èmi. Kò sí oko kòkó kankan tó ń pè mí.

Mo gbé ohùn mi wálẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo ní, “Sámúẹ́lì, Olúwa ní kó o dúró.”

Ó ní, “Àmín.”

Kò béèrè ìdí. Kò tiẹ̀ mí kanlẹ̀. Fèrè ẹ̀kẹta dún, a wọlé lọ síbi iṣẹ́, ó ń húkọ́ níwájú mi bó ṣe ń rìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló fèsì lẹ́tà ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Alàgbà, ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dá yín lójú? Ikọ́ yẹn ń bà mí lẹ́rù.” Mo ní, “Ìyá Folúkẹ́, ṣé èèyàn lo fẹ́ gbọ́ràn sí lẹ́nu ni àbí Ọlọ́run?” Obìnrin yẹn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ èmi! Ó dìde, ó sì lọ.

Ilé-iṣẹ́ yẹn ò tiẹ̀ tún pé ọdún kan sí i. A dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, a bá ṣẹ́ẹ̀nì lẹ́nu géètì. Kò sí ẹni tó fọn fèrè. A dúró síta pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ wa títí oòrùn fi mú, a ò mọ ibi tá a máa lọ, à ń wo òkè igi furúùtù yẹn láti ẹ̀yìn ògiri. Nígbà yẹn, Sámúẹ́lì ò lè rìn láti Agége dé Ìkẹjà láìjókòó lẹ́ẹ̀mẹta lórí irin. Oko kòkó náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìbátan wọn mìíràn.

Ó dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀ létí ojú irin. Àga méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Folúkẹ́ kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó máa ń jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á máa bá bàbá ẹ̀ ka ọkọ̀ ojú irin tó bá kọjá. Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń gbàdúrà lé e lórí, ẹ̀rí ọkàn mi ń jẹ mí bí ìdin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kù èmi àtiẹ̀ nìkan, ìyàwó ẹ̀ ti mú ọmọ lọ pọnmi. Mo ní màá sọ ọ́ lónìí. Èémí ẹ̀ ti kúrú débi pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fà mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, “Sámù, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ́ yẹn, lábẹ́ igi...”

Ó wò mí. Ojú ẹ̀ ti wọnú, àmọ́ ó mọ́ kedere. Ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ lé àyà tó ń dùn ún yẹn, ó wá fi ọwọ́ náà tì mí lọ díẹ̀díẹ̀. Máa lọ. Mò ń bá ẹ wò ó.

Mi ò mọ̀ títí dòní ohun tó ní lọ́kàn. Bóyá ó ti mọ̀. Bóyá ó rò pé ó ti rẹ̀ mí ni, pé kí n lọ sinmi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dìde. Mo lọ! Ara tù mí pé kò jẹ́ kí n sọ ọ́, mo sì lọ, bí mo ṣe máa ń lọ nígbà tó bá ń ṣọ́ ẹ̀rọ mẹ́jọ fún mi. Kí n tó padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sámúẹ́lì ti lọ sílé.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ níbi òkú, mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé, “Mi ò ní bú Ọlọ́run. Ọlọ́run ló ní kó dúró. Ibi tí Ọlọ́run fi í sí ló kú sí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi nu ojú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi tọ́ ọmọ ẹ̀. Ó máa ń jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pàtẹ́wọ́, á nawọ́ sí mi. Báwo ni mo ṣe máa gba ọ̀pá tí opó fi ń rìn lọ́wọ́ ẹ̀? Mo ń dá ara mi lóhùn bẹ́ẹ̀ títí òun náà fi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ojú ló ń tì mí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó kan lọ́dún tó kọjá, ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìkẹjà wọ̀nyẹn. Mo wọlé, mo gbójú sókè, mo rí irin òrùlé, mo dá a mọ̀. Gbọ̀ngàn ìhunṣọ wa ni! Wọ́n ti kun ún, wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, AC ń fẹ́. Mo ka òpó láti ẹnu ọ̀nà, mo rí ibi tí Sámúẹ́lì máa ń dúró sí, ìdílé kan jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Oníwàásù ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń sọ nípa ọdún yìí wá síwájú, ó ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá, kíákíá. Mi ò ní sọ pé irọ́ ló ń pa. Èmi kọ́ ló yẹ kó sọ ọ́. Mo jáde lọ wá igi furúùtù wa, wọ́n ti gé e, mọ́tò ni wọ́n ń gbé síbẹ̀.

Gbogbo yín lẹ máa ń kọrin pé ẹ ó rí àwọn ènìyàn yín lókè. Èmi náà ń retí ẹ̀. Mo ti darúgbó, fèrè kejì mi ti dún. Àmọ́ kò sí ariwo ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò ní sí ohun tí mo máa sá sẹ́yìn ẹ̀. Sámúẹ́lì á dúró ní ọ̀ọ́kán mi, á bi mí pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀ pé, “Alàgbà, kí lo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn?” Tẹ́ ẹ bá ń bi mí bí Kristẹni ṣe ń gbé ayé pẹ̀lú ọ̀run lọ́kàn, mi ò mọ èyí tó ju ìyẹn lọ. Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ ò ní lè tún sọ níbẹ̀.

Folúkẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, o wá bá mi nílé. O ní wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, ìwọ àtọkọ ẹ àtàwọn ọmọ ẹ, pé wọ́n ń retí èsì ẹ. O kúnlẹ̀ síbi tí ìyá ẹ kúnlẹ̀ sí gan-an. O ní, “Dádì, ohun tí Ọlọ́run bá sọ fún yín ni màá ṣe, bíi ti bàbá mi.” Mi ò sùn láti ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo fà ẹ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Ìwọ lò ń bẹ̀ mí wò láràárọ̀. Tó o bá lọ, kò sẹ́ni tó máa bá mi wò ó mọ́, o sì mọ bí mo ṣe jẹ́ báyìí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ ẹ síwájú Ọlọ́run fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbààwẹ̀ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò jẹ búrẹ́dì kankan. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kọ̀ fún mi láti dìde. Folúkẹ́ ọmọ Sámúẹ́lì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí mi ò ṣe gbọ́ nǹkan kan nípa bàbá ẹ náà nìyẹn. Ọlọ́run ò ní kó dúró. Èmi ni.

Ọlọ́run tó ò ń sìn ò dití, ìwọ náà ò dití. Bi í fúnra ẹ. Tó bá sì jẹ́ pé lílọ ni, máa lọ, ọmọ mi. Wo ọwọ́ mi. Mo gbé e láyà.

Ó ti dìde. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Rárá, Túnjí, má dì í lọ́wọ́ mú, má bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbé àga yẹn kúrò lọ́nà. Ẹ má dá a dúró. Bàbá ẹ̀ ni mo dá dúró.